Wọ́n ní kí n kọ ètò lórí mẹ́téènì àti dúdú èéfín, bẹ́ẹ̀ kò sí dátà kankan lọ́wọ́ mi

Ìbéèrè tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ́fíìsì ètò àyíká ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ní ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan lórí àwọn ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ tí kì í pẹ́ lójú sánmà, pé kí n lọ kọ ti ìpínlẹ̀ wa wá, oṣù mẹ́ta ló fún mi. Kọnsọ́tántì kan ti ṣe é kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, wọ́n ní ká dín èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì kù, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì rí ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa, búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ńtì la fi ń kọ́lé. Kò sí dátà kankan nílẹ̀. Ṣé ká tún lọ pe amòye látòkè òkun ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, arábìnrin mi. Ọ̀rọ̀ bíríkì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, ẹ má bínú. Ó jọ pé mo mọ ibi tó ti wá: ní Bangladesh, ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì pọ̀ yí Dhaka, olú ìlú wọn, ká, èéfín wọn sì wà lára ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ jù, torí náà ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ tiwọn ò lè fo bíríkì. Ẹni tó bá fẹ́ tètè gbowó ẹ̀ á kàn da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ, á yọ Dhaka kúrò, á fi orúkọ ìpínlẹ̀ yín sí i, á wá gbàgbé bíríkì síbẹ̀.

Èsì mi rèé: ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ìṣirò tí amòye òkèèrè mọ̀ ọ́n ṣe yẹn, láptọ́ọ̀pù yín náà lè ṣe é. Ohun tí kò lè gbé wọ báàlù wá fún yín ni iye igi tí ìyá olóńjẹ ń jó lóòjọ́ nínú ọjà yín, iye dísẹ́lì tí jẹnẹrétọ̀ sẹkitéríàtì yín ń mu, àti bí ààtàn yín ṣe jìn tó. Nọ́ńbà yẹn lòun náà máa bi yín tó bá dé. Tí ẹ ò bá ní in, á lo ti ibòmíì, bíríkì á sì tún padà wá.

Kí n tètè sọ ohun tí a ń bá jà, torí àwọn tó kàn ń kà á pẹ̀lú wa. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí gbogbo ayé ń pariwo, tó bá ti gòkè, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan níbẹ̀. Èkíní nínú àwọn tí à ń bá jà ni mẹ́téènì, gáàsì tó ń jáde lára ohun tó ń jẹrà àti níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Kì í lò ju bí ọdún 12 lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo 20 ọdún àkọ́kọ́, kílò kan ẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò kan kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Dúdú èéfín, kiní dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò yẹn, ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló ń lò kí òjò tó fọ̀ ọ́ wálẹ̀, àmọ́ kó tó wálẹ̀ ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni. Ẹ̀kẹta ni gáàsì inú ẹ́ísì tí wọ́n ń pè ní HFC, bí ọdún 15 ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀kẹrin ni ósóònù tó wà nísàlẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó ń tú u jáde, oòrùn ló ń sè é látara mẹ́téènì àti èéfín ọkọ̀. Torí pé ọjọ́ wọn kúrú, tẹ́ ẹ bá dí orísun wọn lónìí, ẹ máa rí àyípadà ẹ̀ kí ọmọ tó wà ní pámárì tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ní 2011, ìwé ìwádìí kan tí àjọ àyíká ti UN (UNEP) àti àjọ ojú ọjọ́ (WMO) jọ ṣe ka ọ̀nà 16 tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa, wọ́n ní tí gbogbo ayé bá ṣe wọ́n, nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún ni kò ní kú ikú àìtọ́jọ́ tó bá fi máa di 2030, ohun ọ̀gbìn tó tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 52 lọ́dún náà ò sì ní ṣòfò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá ń dín kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kù, àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń ṣe é fún. Tèmi, mo fẹ́ rí i lójú ara mi.

Ètò ìjọba àpapọ̀ tí ọ̀gá yín ń sọ, Nàìjíríà ti wọ CCAC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá irú ìdọ̀tí yìí jà, láti 2012, ọdún tí Gánà, Bangladesh, Mẹ́síkò, Swídìn, Kánádà àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú UNEP dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló bí ètò tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2019, ohun tó wà nínú ẹ̀ láti ṣe jẹ́ 22, wọ́n sì ní tí a bá ṣe gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, dúdú èéfín á fi ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní 2030, mẹ́téènì á fi ìdá 61 dín kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti là lójú dáadáa o, torí èèyàn tó pọ̀ ló ń ṣi nọ́ńbà yẹn kà: wọn ò sọ pé á fi ìdá 83 kéré sí ti òní. Ohun tí wọ́n fi wé e ni bí ì bá ṣe rí ní 2030 ká ní a káwọ́ gbera tí èrò sì ń pọ̀ sí i. Nínú ìwé tiyín, ẹ kọ ọdún tí ẹ fi ń wé e àti ohun tí ẹ fi ń wé e sí ojú ewé kìíní, kí gómìnà má lọ sọ nǹkan míì lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ mú ohun 22 yẹn, ẹ bi ara yín léèrè níkọ̀ọ̀kan pé ta ló ní agbára lórí ẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń dáná sun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ sókè ìwé wọn torí pé iná ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe pé kànga epo wà ní ìpínlẹ̀ yín, kò kàn yín. Àbújá ló ni ín, àwọn náà sì ti jìyà ẹ̀: òfin tó ní kí wọ́n dáwọ́ iná yẹn dúró ti wà láti 1979, wọ́n ní kó parí ní 1984, ó di 2018 kí òfin tuntun tó sọ ọ́ di owó ìtanràn dọ́là méjì lórí ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà gáàsì (cubic feet) fún kọ́ńpìnnì ńláńlá, iná ṣì ń jó títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ní 2022 ni àjọ tó ń rí sí ìwakùsà epo, NUPRC, wá gbé ìlànà jáde lórí mẹ́téènì tó ń jò lára páìpù àti ẹ̀rọ. Nǹkan kan tí àwọn tó ń wo iná yẹn látọ̀nà jíjìn kì í mọ̀ ni pé èyí tó kú burú ju èyí tó ń jó lọ. Tí iná bá kú tí gáàsì sì ń jáde, mẹ́téènì gbangba ló ń lọ sókè, kò sẹ́ni tó máa rí i, àwọn ará àdúgbò gan-an lè máa dúpẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n mo ní kò kàn yín, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀.

Ohun tó kàn yín ni ààtàn, ọjà, ibi ìpẹran, ọkọ̀ ìjọba, jẹnẹrétọ̀ ìjọba, ilé tí wọ́n ń kọ́ àti ẹ́ísì tí wọ́n ń rà fún un, àti ohun tí àwọn èèyàn yín fi ń dáná. Tẹ́ ẹ bá kọ márùn-ún péré nínú wọn tẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà wọn, ìwé yín á sàn ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí mo ti kà.

Báwo la ṣe ń rí nọ́ńbà? Gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ máà jẹ́ kí gírámà dẹ́rù bà yín, ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo ni: iye nǹkan tí wọ́n jó, lọ́nà iye ìdọ̀tí tí kílò kan ẹ̀ ń mú jáde. Apá kejì yẹn ti wà nínú ìwé. Ti mẹ́téènì wà nínú ìlànà 2006 ti IPCC, ìgbìmọ̀ UN lórí ìmọ̀ àyípadà ojú ọjọ́, ẹ̀dà ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti dúdú èéfín kò sí níbẹ̀ o, ẹ má lọ jókòó máa wá a bí èmi ṣe wá a nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, inú ìwé ìlànà àwọn ará Yúróòpù tó ń jẹ́ EMEP/EEA la ti ń mú un. Apá kìíní, ìyẹn iye tí wọ́n jó, òun ni kò sí nínú ìwé kankan, òun sì ni iṣẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ n fi bùkátíríà ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní bùkátíríà kan ń jó kílò 40 igi lóòjọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, ìyẹn tọ́ọ̀nù 12. Ká ní kílò igi kan ń mú gíráàmù 0.8 dúdú èéfín jáde, kílò 9.6 lọ́dún nìyẹn láti ṣọ́ọ̀bù kan. Tí irú ẹ̀ bá jẹ́ 200 nínú ìlú yín, ó ti di kílò 1,920, ó kù díẹ̀ kó pé tọ́ọ̀nù méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tọ́ọ̀nù méjì dúdú èéfín ṣe pọ̀ tó, kó rántí pé kiní yẹn fúyẹ́ ju lẹ́búlẹ́bú lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni kílò 40 yẹn. Ta ló sọ ọ́? Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń dín gàrí nígbà kan, mo ní mọ̀mí, igi mélòó lẹ̀ ń lò lóòjọ́, ó ní ìdì kan. Mo ní kílò mélòó ni ìdì kan, ó wò mí bí ẹni tó béèrè pé kílò mélòó ni ọjọ́ Ẹtì. Mo bá so síkéèlì tí mo mú dání mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé wọn, irú èyí tí àwọn tó ń ra kòkó máa ń so kọ́ yẹn, a gbé ìdì mẹ́ta kọ́ ọ tẹ̀léra tẹ̀léra. Ìkíní kílò 11, ìkejì 17, ìkẹta 23, torí pé tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni. Orúkọ kan náà, iye kan náà lọ́jà, ọ̀kan lé ní ìlọ́po méjì èkejì. Ìyá yẹn gan-an ló wá ṣàlàyé fún mi pé tí igi bá tútù, òun á lo ìdì kan àtààbọ̀, èéfín á sì lé àwọn ọmọ jáde. Ká ní mo jókòó sí ọ́fíìsì ni, kílò 15 ni ǹ bá kọ, gbogbo ìṣirò tó kù ì bá sì dúró lórí irọ́ yẹn.

Torí náà ẹ ra síkéèlì, kò wọ́n. Ẹ wá ilé àti ṣọ́ọ̀bù bí ogójì, ẹ pín wọn: ti ìgboro, ti abúlé, àwọn tó ń dín gàrí, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn olóńjẹ. Láàárọ̀, ẹ wọn igi tó wà nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má mú lára òmíì, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ wọn èyí tó kù. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ẹnì kan. Ẹ ṣe é lójò, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀rùn tí àyè bá wà. Ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni pé ṣé gáàsì lẹ fi ń dáná, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ, sílíńdà sì wà lóòótọ́ ní kọ̀rọ̀ kíṣìn, ó ti ń kó eruku látìgbà tí owó gáàsì ti lọ sókè, èédú ló ń lò. Ẹ bi í pé kí lẹ fi se oúnjẹ alẹ́ àná. Èèyàn kì í purọ́ oúnjẹ alẹ́ àná.

Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiyín. Sẹkitéríàtì máa ń ra dísẹ́lì, rìsíìtì á wà lọ́dọ̀ àwọn akáùǹtì. Ọsibítù ìjọba, rédíò ìjọba, wọ́tà wọ́kì, gbogbo wọn ń rà á. Ẹ kọ lẹ́tà gba iye lítà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ni dátà tó mọ́ jù tí ẹ máa rí, torí pé owó ló wà nídìí ẹ̀, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí gómìnà máa tètè gbọ́ torí pé owó ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ kàn má fi iye dísẹ́lì tí wọ́n tà nílé epo kún un, nítorí inú ẹ̀ ni ti jẹnẹrétọ̀ àdáni àti ti tírélà wà pọ̀, ẹ lè ka lítà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n sì bá yín sọ ọ̀rọ̀ Micra. Gbogbo ìpàdé tí mo bá lọ, ẹnì kan á ṣáà dìde sọ pé takisí Micra ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Pẹ́tírólù ni Micra ń lò, dúdú èéfín tó ń jáde lára ẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ dísẹ́lì tó ti gbó lọ́nà jíjìn. Ẹ lọ dúró lójú títì màrosẹ̀ tí tírélà bá ń gun òkè, ẹ máa rí ibi tí iṣẹ́ wà. Kódà fílítà tó ń sẹ́ èéfín kò lè ṣiṣẹ́ lára tírélà yẹn tí súfọ́ọ̀ bá pọ̀ nínú dísẹ́lì, ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi fẹnu kò ní 2020 pé kí súfọ́ọ̀ má ju ìwọ̀n 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Epo tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e. Àbújá ló ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹ lè pàṣẹ fún ọkọ̀ ìjọba yín.

Ààtàn ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ ti ní agbára jù, ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tó dùn mí jù. Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ torí gbogbo wa la mọ àwọn ààtàn ibẹ̀: Awótán, Àjàkáńgà, Lápìtẹ́, Abà Ẹkù. Ohun tó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ń mú mẹ́téènì jáde. Nínú ìlànà IPCC, ààtàn lásán tí kò jìn tó mítà márùn-ún, ìdá 0.4 nínú mẹ́téènì tó lè jáde ni wọ́n fún un, torí afẹ́fẹ́ ṣì ń ráyè wọ ibẹ̀. Tó bá jìn tó mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 0.8. Èyí tí wọ́n ṣètò dáadáa, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń fi iyẹ̀pẹ̀ bò, 1.0. Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ìjọba lè fi owó ńlá sọ ààtàn játijàti tí kò jìn di ti ìgbàlódé, wọ́n á bò ó dáadáa, òórùn á lọ, eṣinṣin á lọ, àwọn oníwèé ìròyìn á ya fọ́tò, mẹ́téènì á sì lé ní ìlọ́po méjì ohun tó wà tẹ́lẹ̀, tí wọn ò bá ri páìpù tó máa kó gáàsì yẹn jáde mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fi ààtàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ìlera àwọn ará ibẹ̀ ṣe pàtàkì, iná tó máa ń ṣẹ́ yọ níbẹ̀ náà burú, ẹ rántí Olúsòsùn l'Ọ́jọ́ta ní 2018, bí èéfín yẹn ṣe bo gbogbo àdúgbò. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí páìpù wà nínú kọ́ńtíráàtì kí katapílà tó débẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí oúnjẹ má dé ààtàn rárá. Ní ojú ọjọ́ tiwa tó gbóná tí òjò sì ń rọ̀, ìdajì ohun jíjẹ tẹ́ ẹ bá dà sí ààtàn á ti jẹrà kó tó pé ọdún méjì, torí náà tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹ máa rí ìyàtọ̀ kíákíá. Ewé, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì tó rà, ọjà kan ṣoṣo lè kún ọkọ̀ mélòó kan lóòjọ́. Tí wọ́n bá kó o lọ́tọ̀ láti inú ọjà, ó di ajílẹ̀. Ìyá lọ́jà yín lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ẹ má rán lẹ́tà sí i, ẹ lọ kí i. Àti pé tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iná tí àwọn ọmọ ààtàn ń dá sí i ń dín mẹ́téènì kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dúdú èéfín ló fi pààrọ̀ ẹ̀, pẹ̀lú májèlé inú ọ̀rá àti ike.

Ibi ìpẹran kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi táyà sun awọ màlúù kó lè di pọ̀nmọ́, èéfín yẹn dúdú bí ọ̀dà. Táyà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, gáàsì ni kí wọ́n fi ṣe é, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa yá àwọn alápatà lówó ẹ̀rọ náà, torí tẹ́ ẹ bá kàn rán wòléwòlé sí wọn, òru ni wọ́n á máa sun ún. Táyà ò wọ́n, gáàsì wọ́n, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀kan.

Ti ẹ́ísì, ní 2018 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Kigali ti 2016, èyí tó ní kí gbogbo ayé dín HFC kù. Gáàsì R-410A tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ísì, kílò kan ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ní ìṣirò 100 ọdún. Bẹ́ẹ̀ ẹ ti rí àwọn tó ń tún ẹ́ísì ṣe lẹ́bàá títì, wọ́n á fi sípánà ṣí i, fíííìì, ó ti lọ, ó di "ẹ jẹ́ ká da gáàsì tuntun sí i". Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé nǹkan kan wà nínú fíííìì yẹn. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n má gba ẹ́ísì olówó pọ́ọ́kú sínú ilé ìjọba tuntun, àti pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń fa gáàsì sínú sílíńdà dípò kí wọ́n tú u dànù.

Ìrẹsì? Tí ìpínlẹ̀ yín bá ń gbin Ọ̀fadà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mẹ́téènì ẹ̀ ò tó nǹkan. Inú omi tó dúró ni mẹ́téènì ti ń jáde. Ẹ fò ó.

Nǹkan kan wà tí kò ní sí nínú ìwé kọnsọ́tántì yẹn, tó sì yẹ kó wà nínú tiyín. Kì í ṣe gbogbo èéfín ló ń mú ayé gbóná bákan náà. Dúdú èéfín kì í dá jáde, òun àti àwọn kiní funfun míì tó ń dá oòrùn padà ni, àwọn yẹn sì ń mú kó tutù díẹ̀. Ti dísẹ́lì, dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti igbó tí wọ́n dáná sun, funfun pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Torí náà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan lẹ̀ ń rò, dísẹ́lì ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, kò sí èéfín tó dáa, ti ààrò sì burú jù fún ìyá àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn torí pé imú wọn ló wà. Èmi máa fi ìlera síwájú nínú ìwé tí gómìnà máa kà. Ilé ìfowópamọ́ àgbáyé ṣírò ti Èkó, wọ́n ní ní 2018 nìkan nǹkan bí èèyàn 11,200 ló kú láìtọ́jọ́ nítorí afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́. Olóṣèlú tó bá gbọ́ ìyẹn á jókòó. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ooru ayé ní 2050, á máa wo fóònù ẹ̀.

Ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà (sọfítíwíà) tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò náà ń jẹ́ LEAP, àwọn ará Stockholm Environment Institute ló ṣe é, òun ni orílẹ̀-èdè tó pọ̀ ń lò fún irú ètò yìí. Ọ̀fẹ́ ni fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án lóṣù àkọ́kọ́. Excel tó. Ẹni tó bá tètè ṣí LEAP á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó bá wù ú dí àyè tó ṣófo, torí pé ẹ̀rọ yẹn máa ń béèrè, ojú á sì máa ti èèyàn láti fi í sílẹ̀ ní òfìfo.

Oṣù kejì, nígbà tí ẹ bá ti ní nọ́ńbà, tẹ́ ẹ sì ti rí ibi tí kò yé yín, ìgbà yẹn lẹ lè wá wá amòye. Ẹ gba ọ̀dọ̀ mínísítírì àyíká l'Ábújá, torí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ìbéèrè sí CCAC ti ń jáde, kì í ṣe láti ìpínlẹ̀. Ẹ má kọ "a nílò ìrànlọ́wọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ". Ẹ kọ pé: a ti wọn igi ilé ogójì, ìyàtọ̀ igi tútù àti igi gbígbẹ tóbi ju bá a ṣe rò lọ, a fẹ́ ẹni tó máa kọ́ wa bá a ṣe máa ṣe é fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Irú lẹ́tà yẹn kì í pẹ́ lórí tábìlì.

Ó ku ẹni tó máa ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ, ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì kan, òfin tó fún un lágbára, àti ojú ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì tí owó ẹ̀ máa ti jáde. Tí ọ̀kan bá ṣófo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn létí tó. Ẹ sì máà jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lọ́rùn ọ́fíìsì tiyín. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ VAT àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù kúrò lórí gáàsì ìdáná ní ìparí 2023, mínísítírì ètò ìnáwó ló ṣe é, èyí kan dúdú èéfín ju ọ̀pọ̀ ohun tí àwa tó ń pe ara wa ní ará àyíká ti kọ lọ. Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ni ẹni tó ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Tí nǹkan kan ò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ ní méjì: ó lè kéré tó báyìí, ó lè pọ̀ tó báyìí. Ọ̀gá yín á ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lòun fẹ́. Ẹ fún un ní ti àárín, ẹ fi méjèèjì sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má yọ wọ́n.

Oṣù mẹ́ta tó, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi rìsíìtì dísẹ́lì bẹ̀rẹ̀ torí lẹ́tà yẹn á pẹ́ kó tó padà, kẹ́ ẹ máa wọn igi lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúró. Tẹ́ ẹ bá ti wọn ti ilé mẹ́wàá àkọ́kọ́ tán, ẹ fi Excel yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má tún un ṣe kó lẹ́wà o, ibi tí ìyá kan bá ti ní òun ò sí nílé kẹ́ ẹ kọ "kò sí nílé" síbẹ̀, bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ rí i.